Orí Kẹrin: Eruku Ibi Iṣẹ́ àti Ẹ̀dọ̀fóró Oníṣẹ́ Ọwọ́

Eruku tó bo oníṣẹ́ lórí, tó sọ ìpéńpéjú rẹ̀ di funfun, kọ́ ló yẹ kó bà wá lẹ́rù jù. Èyí tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, imú kápá rẹ̀. Irun imú á mú un, ikun á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni náà á sín tàbí kó fun imú, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èyí tó ń wọlé lọ ṣe iṣẹ́ ibi ni èyí tí ojú lásán ò lè rí, tí ìbú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá irun orí kan. Kì í tètè balẹ̀. Ó lè wà nínú afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ, nígbà tí ọmọ iṣẹ́ ti bọ́ ìbòmú rẹ̀, tó ti jókòó ti oúnjẹ ọ̀sán, tó sì gbà pé eruku ti lọ.

Gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé eruku dìde ni orí yìí wà fún: àwọn tó ń la pákó ní sọ́míìlì, káfíńtà, àwọn tó ń fọ́ òkúta, àwọn tó ń gé táìlì àti mábù, bíríkìlà, àwọn tó ń ru sìmẹ́ńtì, àwọn tó ń lọ èlùbọ́, àwọn tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Àmọ́ orí òkúta àti igi ni mo máa pẹ́ sí jù. Àwọn méjèèjì wọ́pọ̀ láyìíká wa, àtìgbà ọmọdé sì ni ọ̀pọ̀ ti ń wọnú wọn, kí ẹ̀dọ̀fóró wọn tó dàgbà tán.

Ọ̀nà tí eruku ń gbà dé ìsàlẹ̀ àyà

Ọ̀nà èémí bẹ̀rẹ̀ láti imú, ó gba ọ̀fun sọ̀kalẹ̀, ó pín sí méjì, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tún ń pín, títí á fi dé àwọn àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn àpò yìí tó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù nínú ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà kan. Ara ti fi ẹ̀ṣọ́ sójú ọ̀nà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń mú eruku, àwọn irun tín-ín-tín tí kò hàn sójú sì ń ti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà gòkè díẹ̀díẹ̀, títí a ó fi tu ú dànù tàbí kí a gbé e mì. Sìgá ń sọ àwọn irun yìí di aláìlágbára, ìdí nìyẹn tí ìyà oníṣẹ́ eruku tó tún ń mu sìgá fi máa ń di ìlọ́po.

Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú àwọn àpò wọ̀nyẹn, kò sí irun tó ń ti ohunkóhun gòkè mọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ ni ọmọ ogun ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìdọ̀tí àti kòkòrò àrùn mì. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ òkúta ti yàtọ̀. Òkúta akọ tí wọ́n ń fọ́ lágbègbè Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ní èròjà kan nínú tó ń jẹ́ sílíkà, tó lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta òkúta náà. Sílíkà wà nínú iyanrìn, nínú kọnkéré, nínú búlọ́ọ̀kù, nínú bíríkì àti táìlì. Bí ọmọ ogun ara bá gbé èérún sílíkà mì, kò lè dà á. Èérún náà ló máa pa á. Òmíràn á tún wá gbé èérún kan náà mì, òun náà á kú. Níbi tí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ẹran ẹ̀dọ̀fóró á bẹ̀rẹ̀ sí í dá àpá. Àpá kì í nà, kì í sún kì. Ẹ̀dọ̀fóró tó yẹ kó máa wú kó sì máa rọ̀ á wá gan, èémí á sì máa ṣẹ́ kù díẹ̀díẹ̀. Silikósìsì ni àwọn dókítà ń pe àrùn yìí. Kò sí oògùn tó ń pa àpá náà rẹ́, ó sì lè máa bá a lọ bí ẹni náà tilẹ̀ ti fi iṣẹ́ òkúta sílẹ̀.

Ẹni tó ń fa díẹ̀díẹ̀ símú lè lo ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, kó tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Ẹni tó ń fa púpọ̀ lè ti wà nínú wàhálà láàárín ọdún 5 sí 10. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti ráàyè, tí eruku ṣú bolẹ̀: ó lè mú wọn láàárín oṣù mélòó kan sí ọdún díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní 1930 àti 1931, wọ́n gbẹ́ ihò gba inú òkè kan kọjá ní Hawks Nest, ní ìpínlẹ̀ West Virginia. Òkúta ibẹ̀ kún fún sílíkà, gbígbẹ ni wọ́n sì ń lu ú láìfi omi sí i, láìfún òṣìṣẹ́ ní ìbòmú. Aláwọ̀ dúdú tó wáṣẹ́ wá láti gúúsù ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tó wọ inú ihò náà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ló kú láàárín ọdún díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ géńdé ọkùnrin. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní 1936. Kí wọ́n tó gbẹ́ ihò náà, àwọn awakùsà ti mọ̀ tipẹ́ pé bí a bá ń da omi sí ẹnu ẹ̀rọ tó ń lu òkúta, eruku kò ní dìde. Owó àti àsìkò ni àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà ò fẹ́ ná sórí ẹ̀mí ènìyàn.

Ẹ wo bí ohun tó ń ṣe èyí ti kéré tó. Òfin Amẹ́ríkà láti 2016 sọ pé sílíkà inú afẹ́fẹ́ tí òṣìṣẹ́ ń mí fún wákàtí 8 kò gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 50 lọ nínú kúbíìkì mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ ń mí nǹkan bíi kúbíìkì mítà 10 lóòjọ́ iṣẹ́ kan. Bó bá ṣe é fún ogójì ọdún, tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 250 lọ́dún, gbogbo sílíkà tó gba imú rẹ̀ wọlé kò ju gíráàmù 5 lọ. Ṣíbí tíì kan nìyẹn, láti ìgbà èwe títí dé ìfẹ̀yìntì, òun sì ni ibi tí òfin ní kí ó má kọjá. Ẹni tó ń gé kọnkéré ní gbígbẹ nínú yàrá lè kọjá òṣùwọ̀n ọjọ́ kan ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ dúró ti ẹni tó ń fi fáílìn maṣíìnì gé òkúta orí kàǹtà ilé ìdáná, ẹ ó rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ pátákó òkúta náà, abẹ ẹ̀rọ ń yí sọ́nà ọ̀dọ̀ rẹ̀, eruku funfun sì ń tú jáde láti ibi tí abẹ ti kan òkúta, ó ń lọ tààrà sí àyà àti ojú rẹ̀. Tówẹ̀lì kékeré ló so mọ́ imú. Ọmọ iṣẹ́ tó ń bá a di òkúta náà mú kò so ohunkóhun. Bí ó bá jẹ́ òkúta àtọwọ́dá tí àwọn tó ń tà á ń pè ní quartz ni wọ́n ń gé, ewu náà tún peléke, torí sílíkà inú rẹ̀ lè ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ. Orílẹ̀-èdè Ọsirélíà rí ohun tí òkúta yìí ń fi ojú àwọn ọ̀dọ́ tó ń gé e rí, wọ́n sì fòfin dè é pátápátá láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024. Àwa ṣì ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó bi ẹni tó máa gé e léèrè bóyá omi ló fi ń gé e.

Igi ní tirẹ̀

Eruku igi kì í dá irú àpá tí òkúta ń dá sí ẹ̀dọ̀fóró. Tirẹ̀ ni pé ó ń rin imú, ọ̀fun àti ọ̀nà èémí lára títí wọn ò fi ní gbà á mọ́. Ìrókò wà lára àwọn igi tó ń fa asíìmà fún àwọn tó ń rẹ́ ẹ, àrẹ̀rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, bó ti wù kó fúyẹ́ kó sì rọ̀ lọ́wọ́ tó. Àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde eruku igi ní 1995 gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ inú imú, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún sílíkà ní 1997, ní ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà, ìgbà tí wọ́n ń fi sáńpéépà tàbí sándà dán igi ni eruku léwu jù. Ayùn ńlá ń já èérún tó tóbi, tó tètè ń balẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí sáńpéépà ń ré jáde kúnná ju ìyẹ̀fun lọ. Ẹni tó bá rò pé òun ti kúrò nídìí ewu nígbà tó kúrò nídìí ayùn, àkókò yẹn gan-an ló ń wọ inú rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí oníṣẹ́ igi lè fi dá asíìmà ibi iṣẹ́ mọ̀. Ẹ kíyè sí àyà yín ní ọjọ́ ìsinmi. Bí ikọ́, àyà fífún àti èémí tó ń súfèé bá ń fúyẹ́ nígbà tí ẹ bá lọ fún ọdún Iléyá tàbí Kérésì, tí wọ́n sì tún padà bí ẹ ṣe dé ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ ló ń ṣe yín. Nígbà mìíràn ó máa ń dúró di òru kó tó bẹ̀rẹ̀, èyí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ dá ọyẹ́ tàbí afẹ́fẹ́ fáànù lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn tó ń po búrẹ́dì. Ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òwú tún yàtọ̀ díẹ̀: ọjọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn ìsinmi, ni àyà wọn máa ń fún jù. Asíìmà tí igi tàbí ìyẹ̀fun fà, bí a bá tètè mú ẹni náà kúrò nínú eruku, ó lè sàn. Bó bá pẹ́, ó lè di ohun tó ń bá a káàkiri, kódà bó bá ti yí iṣẹ́ padà.

Àwọn tó ń gba afárá Third Mainland kọjá ní Èkó mọ èéfín Oko Bàbá ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta láyé ìgbà tí sọ́míìlì kún etí ọ̀sà ibẹ̀. Òkìtì lẹ́búlẹ́bú igi ń jó lábẹ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wá ṣètò láti kó àwọn onígẹdú lọ sí Agbówà, lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Ó dára kí èéfín kúrò láàárín ìlú. Ṣùgbọ́n kíkó sọ́míìlì lọ sí ọ̀nà jíjìn kò tíì dáàbò bo ẹni tó dúró nídìí ayùn. Ibi tí ó wù kí a gbé ẹ̀rọ lọ, imú ẹni tó ń lò ó ṣì sún mọ́ ọn bákan náà.

Mílíìkì, epo pupa àti ògógóró

Ó di dandan kí n sọ èyí kí n tó débi ìtọ́jú, torí ó ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Mílíìkì kì í fọ eruku kúrò ní àyà. Epo pupa kì í fọ̀ ọ́. Ògógóró kì í sun ún. Ohunkóhun tí a bá mu, ọ̀nà oúnjẹ ló gbà lọ sí ikùn, eruku sì wà ní ọ̀nà èémí, nínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn méjèèjì kì í pàdé. Epo tó bá tilẹ̀ ṣìnà, tó pá ènìyàn lórí, tó bọ́ sí ọ̀nà èémí, àìsàn mìíràn ló máa dá sílẹ̀ níbẹ̀. Mílíìkì jẹ́ oúnjẹ tó dára, ẹ mu ún bó bá wù yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé ọ̀gá á fi agolo mílíìkì kan lóṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, á sì gbà pé òun ti ṣe ojúṣe òun. Iye owó mílíìkì ọdún kan ní ibi iṣẹ́ tí ènìyàn pọ̀ sí tó láti ra hóòsì, pọ́ǹpù àti dúrọ́ọ̀mù omi.

Kí eruku tó gbéra

Bí eruku bá ti dìde tán, ẹ̀yin lẹ ó máa sá fún un. Ohun tó dára jù ni kí a mú un mọ́lẹ̀ níbi tí abẹ ẹ̀rọ tàbí òòlù ti kan òkúta. Omi ló ń ṣe èyí. Bí a bá ń fi omi gé òkúta tàbí kọnkéré, eruku tó máa dìde lè dín kù ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìbòmú olówó ńlá tó ń dáàbò bo gbogbo ẹni tó wà láyìíká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún iná o. Fáílìn maṣíìnì tó ń lo iná mànàmáná kò ṣe é da omi lé. Ó lè gbé ènìyàn. Fún táìlì, ẹ lo ẹ̀rọ alábọ́ omi, èyí tí abẹ rẹ̀ ń yí nínú omi lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Fún kọnkéré àti búlọ́ọ̀kù, ẹ̀rọ agékọnkéré oní-pẹtiróòlù wà tí ó ní ojú ibi tí hóòsì ń wọ̀. Gbangba ìta ni ẹ ti máa lò ó, torí èéfín rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé fáílìn maṣíìnì nìkan lẹ ní, ẹ ra ìdérí tó ń bo abẹ, tó ní ọ̀nà tí ẹ̀rọ afaeruku ń gbà fa eruku, kí ẹ sì jáde síta gé e.

Ní kúárì, ẹnu ẹ̀rọ afọ́kùúta àti ibi tí òkúta ti ń já bọ́ láti orí béélìtì ni omi ti yẹ kó máa fọ́n wẹẹrẹ. Omi tó ń fọ́n wẹẹrẹ ń mú eruku ju èyí tó ń ṣàn lọ. Àwọn ìyá tó ń fi òòlù fọ́ òkúta lẹ́bàá ọ̀nà kò nílò ẹ̀rọ kankan fún èyí: kẹ́ẹ̀gì omi kan, agolo tí wọ́n dá ihò sí nídìí, kí wọ́n rin òkúta gbingbin kí wọ́n tó gbé òòlù, kí wọ́n sì tún rin ín bó bá ti gbẹ. Kí wọ́n jókòó kí afẹ́fẹ́ máa gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Bó bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn, yóò máa yí eruku po níwájú wọn, lójú wọn gan-an. Ẹ má pọn ọmọ sẹ́yìn jókòó síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ò rí ẹni gbé ọmọ sílẹ̀ fún. Bó bá jẹ́ pé ẹ pọ̀ níbi iṣẹ́, kí ẹnì kan máa ṣọ́ gbogbo ọmọ lọ́nà jíjìn, lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí ẹ sì pín owó òòjọ́ rẹ̀ láàárín ara yín.

Igi kò ṣe é rin bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún un ni kí ẹ̀rọ máa fa eruku lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láti ẹnu ayùn gba inú páìpù lọ sínú àpò. Sọ́míìlì tó lè ra ayùn ńlá lè ra èyí, kí àwọn ọ̀gá má ṣe bí ẹni pé kò ṣeé ṣe. Káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lè gbé ìdí sándà síta, kó ṣí ojú fèrèsé méjèèjì tó kọjú síra, kó sì ra sándà tó ní àpò lẹ́yìn. Sándà alápò wà lọ́jà, ọ̀pọ̀ ló sì ń yọ àpò náà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí pé ó ń tètè kún. Ẹ máa da ohun inú rẹ̀ nù, kí ẹ sì dá a padà sórí ẹ̀rọ.

Gbígbálẹ̀ ń kọ́? Ìgbálẹ̀ gbígbẹ ń gbé gbogbo ohun tó ti balẹ̀ láti àárọ̀ padà sókè. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbá a, kó rin díẹ̀, kó má di ẹrẹ̀. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí wọ́n fi ń fẹ́ eruku kúrò lára aṣọ ni mo kórìíra jù lọ nínú gbogbo àṣà ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ iṣẹ́ á dúró, ẹnì kejì á fẹ́ ẹ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, àwọn méjèèjì á wà nínú ìkúukùu eruku tó kúnná jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n fà símú lọ́jọ́ yẹn. Ẹ fi àkísà tútù nu aṣọ, tàbí kí ẹ bọ́ ọ.

Ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ sí ti àwọn ọmọ. Eruku iṣẹ́ kì í dúró síbi iṣẹ́. Ní Zamfara, ní 2010, àwọn tó ń wa góòlù ń lọ òkúta tó ní òjé nínú ní gbígbẹ, ọ̀pọ̀ ń lọ̀ ọ́ nínú agbo ilé, pẹ̀lú ẹ̀rọ irú èyí tí wọ́n fi ń lọ ọkà. Ọmọdé tó lé ní 400 ló bá a lọ. Àwọn ọmọ náà kò wa góòlù. Eruku ló bá wọn nílé.

Ìbòmú

Ìbòmú wà fún eruku tó bá ṣì kù lẹ́yìn tí omi tàbí ẹ̀rọ afaeruku ti ṣe tiwọn. Áńkáṣíìfù, tówẹ̀lì àti ìbòmú aláwọ̀ búlúù tí gbogbo wa lò nígbà kòrónà kò ṣe é gbára lé, torí ẹ̀gbẹ́ wọn ṣí sílẹ̀, eruku tó kúnná sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Èyí tí ẹ máa béèrè ni N95 tàbí FFP2. Irú N95 tó jẹ́ ojúlówó ń dá ó kéré tán ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún eruku wẹ́wẹ́ dúró. FFP3 dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tó ń gé òkúta.

Okùn méjì ló ní. Ọ̀kan lọ sí òkè orí lẹ́yìn, ìkejì sí ẹ̀yìn ọrùn nísàlẹ̀ etí. Ẹni tó bá gbé okùn méjèèjì sójú kan náà, tàbí tó gé ọ̀kan dànù torí ooru, ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì tẹ irin orí imú kó bá imú yín mu. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó, kí ẹ mí jáde gidi. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí yín lójú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò tíì dì. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kó dì. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ní kó dá irùngbọ̀n sí kò gbọdọ̀ gbára lé irú ìbòmú yìí, omi àti ẹ̀rọ afaeruku ló kàn án gbọ̀n-ọ́n. Bí mímí bá ti ń le, tàbí tó ti rin, tó ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi í kọ́ sára ìṣó nínú ṣọ́ọ̀bù títí di ọjọ́ kejì, inú rẹ̀ á ti kún fún eruku kí ilẹ̀ tó mọ́. Inú ọ̀rá tó mọ́ ni kó wà.

Kì í rọrùn fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ láti béèrè. Ó lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n wọ́n omi sílẹ̀ ká tó gbá a." Kò sí ọ̀gá tó máa ka ìyẹn sí àfojúdi. Bó bá wá kan ìbòmú, ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni pé: "Nígbà tí àwa ń kọ́ṣẹ́, ta ló fún wa ní nǹkan kan?" Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fi sùúrù dáhùn ìbéèrè yẹn fúnra yín. Ẹ ka àwọn tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Mélòó ló ṣì lè gun àtẹ̀gùn ilé alájà méjì láìdúró mí? Mélòó ni wọ́n ní ikọ́ ló pa?

Àyẹ̀wò àti ohun tí ẹ máa sọ fún dókítà

Silikósìsì kì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ hàn ni pé ènìyàn ò lè rìn bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ lórí òkè, tàbí pé ó ń mí gúlegúle bó bá gbé àpò sìmẹ́ńtì kan. Àwọn ènìyàn á ní ọjọ́ orí ni. Nítorí náà, ẹ má dúró de àìsàn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ òkúta kó ṣe ẹ́kísíréè àyà àti àyẹ̀wò èémí kó tó bẹ̀rẹ̀, kó fi ìwé rẹ̀ pamọ́, kó sì máa ṣe é láti ìgbà dé ìgbà, kí dókítà lè fi tuntun wé ti àná. Àyẹ̀wò èémí kò le: ẹ ó mí kanlẹ̀, ẹ ó sì fẹ́ ẹ sẹ́nu ẹ̀rọ kan kíkankíkan títí kò fi ní ṣẹ́ kù mọ́. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH ní Ìbàdàn ń ṣe é.

Bí ẹ bá dé iwájú dókítà, ẹ má dúró kó bi yín. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀, irú òkúta tàbí igi tí ẹ ń gé, bóyá ẹ ti ṣe iṣẹ́ eléruku mìíràn rí. "Mò ń ṣiṣẹ́ ọwọ́" kò tó. Dókítà tí kò mọ̀ pé ẹ ti fi ogún ọdún fọ́ òkúta lè wo àpá inú ẹ́kísíréè kó pè é ní ikọ́ ife, torí wọ́n jọra lójú àwòrán, ẹ ó sì máa lo oògùn fún ohun tí kò ṣe yín.

Àmọ́ ẹ má fojú kékeré wo ikọ́ ife náà. Ẹni tí sílíkà ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ lè tètè kó o ju ẹlòmíràn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, torí àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó bá kòkòrò rẹ̀ jà ti kú sídìí eruku. Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Ìtọ́jú ikọ́ ife jẹ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà, oṣù mẹ́fà ni oògùn rẹ̀ sábà máa ń gbà, ó sì ń sàn pátápátá. Ẹ má dá a dúró ní oṣù kejì nítorí pé ara ti le.

Ohun tí òfin sọ

Òfin ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní Factories Act, sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà láti mú eruku tó lè pa òṣìṣẹ́ lára kúrò nínú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́, kó sì fa á níbi tó ti ń jáde bó bá ṣeé ṣe. Ojúṣe rẹ̀ ni, kì í ṣe àánú. Òfin kejì, ti 2010, tó dá lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa tàbí tó kó àrùn nídìí iṣẹ́, fi owó náà sí ọwọ́ NSITF, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó o. Agbanisíṣẹ́ ló máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò owó NSITF. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ fún un. Àrùn tí iṣẹ́ fà wà nínú ohun tí òfin yìí ń sanwó fún, ìdí nìyẹn tí ìwé ẹ́kísíréè àtijọ́ àti àkọsílẹ̀ ọdún tí ẹ fi ṣiṣẹ́ fi ṣe pàtàkì. Ẹ bi agbanisíṣẹ́ yín bóyá ó ń san án.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti àwọn ìyá afọ́kùúta ò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ kankan, owó NSITF kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ni agbára wọn. Ẹgbẹ́ tó ń gba owó ìforúkọsílẹ̀, tó ń ṣe fíríìdọ̀mù pẹ̀lú onílù, lè fi í sínú òfin ẹgbẹ́ pé kò sí ọ̀gá tó máa gba ọmọ iṣẹ́ tuntun bí kò bá ní omi nídìí òkúta tàbí àpò nídìí sándà. Kí àwọn alága gbé e kalẹ̀ níbi ìpàdé tó ń bọ̀ yìí. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń ka ìwé yìí, kí ẹ tó dúró de ìpàdé náà, ẹ ra hóòsì omi lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì pe ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù lọ́dọ̀ yín, kí ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń lò ó.